Ṣé ayélujára ló ń fúnni níṣẹ́, àbí ẹni mọ ẹni?

Ìbéèrè:

Ẹ̀yin àgbà ilé yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí. HND ìṣirò owó ni mo ní, mo parí agùnbánirọ̀ lọ́dún tó kọjá, Òṣogbo ni mò ń gbé. Mo wà lórí LinkedIn, ìkànnì àwọn òṣìṣẹ́ àti ẹni tó ń wáṣẹ́, mo wà lórí Facebook, ẹgbẹ́ WhatsApp tí wọ́n ti ń pín ìpolówó iṣẹ́ tí mo wà nínú ẹ̀ ò lóǹkà. Ojoojúmọ́ ni mò ń fi CV ránṣẹ́, kò sẹ́ni tó ń fèsì. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ní kí n yéé fi dátà ṣòfò, pé ní Nàìjíríà yìí, ẹni tó bá mọ èèyàn nìkan ló ń ríṣẹ́. Ṣé òótọ́ ni? Àwọn tó ń pariwo pé orí ayélujára làwọn ti ríṣẹ́, ṣé kì í ṣe pé wọ́n ń parọ́ fún wa?

* * *

Àbúrò, ẹ̀gbọ́n bàbá ẹ ò parọ́. Ohun tí kò tíì yé e ni pé orí ayélujára gan-an lọ̀pọ̀ èèyàn ti ń mọ èèyàn báyìí.

Mo wà lára àwọn tó ń yẹ CV wò níbi iṣẹ́ wa n'Ìkẹjà. Ilé iṣẹ́ tó ń pín ọjà oúnjẹ ni, kì í ṣe báǹkì, kì í ṣe ilé iṣẹ́ epo. Tá a bá gbé ìpolówó síta láàárọ̀, kó tó dalẹ́, CV á ti kún inú ímeèlì bámúbámú. Kò sẹ́ni tó ń kà á tán. Ẹni tó bá ní òun ń kà á tán, ó ń tàn yín ni. Ọ̀gá wa kì í tiẹ̀ fẹ́ ká gbé ìpolówó síta rárá. Ohun tó kọ́kọ́ máa ń bi wá ni pé, "Ta lẹ mọ̀ tó lè ṣe é?" Orúkọ tó bá sọ sí wa lọ́kàn nígbà yẹn là ń dá. Kì í sì í sábà jẹ́ orúkọ ọmọ ìyá wa. Ó lè jẹ́ ẹni tá a jọ ṣe agùnbánirọ̀ tó máa ń gbé iṣẹ́ tó ń ṣe sórí status, tàbí ẹni tó bi wá ní ìbéèrè tó mọ́gbọ́n dání lórí LinkedIn lóṣù mélòó kan sẹ́yìn.

Ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́ kí ayélujára tó dé. Onímọ̀ kan ní Amẹ́ríkà, Mark Granovetter, lọ bá àwọn òṣìṣẹ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pààrọ̀ iṣẹ́ ní Newton, ìlú kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ Boston, ó bi wọ́n bí wọ́n ṣe gbọ́ nípa iṣẹ́ náà. Ọdún 1973 ló tẹ àbọ̀ rẹ̀ jáde. Nínú àwọn tó jẹ́ pé èèyàn ló ta wọ́n lólobó, nǹkan bí ẹyọ kan nínú mẹ́fà (16.7%) ló ní òun ń rí ẹni náà déédéé. Àwọn yòókù, ojúlùmọ̀ lásán ni: ẹni tí wọ́n ń rí lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, tàbí tí wọ́n lè má fojú kàn lọ́dún. Ìdí rẹ̀ ò ṣòroó rí. Ohun tí ẹ̀gbọ́n bàbá ẹ gbọ́, ìwọ náà ti gbọ́ ọ tán nínú ilé. Ẹni tẹ́ ẹ jọ wà ní kám̀pù agùnbánirọ̀, tó ti wà ní Pọtakọ́ọ̀tù báyìí, ohun tó ń gbọ́ lójoojúmọ́, kò sẹ́nì kankan nínú mọ̀lẹ́bí yín tó lè gbọ́ ọ.

* * *

Ẹnì kan ti fèsì lójú ẹsẹ̀ pé, "Newton ò sí ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun. Ta ló ń lo LinkedIn l'Óṣogbo?"

Ọ̀rọ̀ yín ò ṣeé dà nù, ìwádìí tó tún jáde lẹ́yìn náà tiẹ̀ gbè yín lẹ́yìn díẹ̀. Lọ́dún 2022, àwọn onímọ̀ kan gbé àbọ̀ ìwádìí jáde nínú ìwé ìròyìn Science. Ibi tí LinkedIn ti máa ń sọ fún èèyàn pé "ó ṣeé ṣe kó o mọ lágbájá" ni wọ́n lò. Wọ́n ń yí i padà fún àwọn kan, kó lè máa mú ojúlùmọ̀ tó jìnnà wá fún wọn, kó sì máa mú ẹni tó sún mọ́ wá fún àwọn míì. Èèyàn tó ju 20 mílíọ̀nù lọ ni wọ́n fi wò láàárín ọdún márùn-ún. Ojúlùmọ̀ ló ń múṣẹ́ wá ju ọ̀rẹ́ tímọ́tímọ́ lọ, ṣùgbọ́n ẹni tó jìnnà jù, tí kò mọ̀ ẹ́ rárá, kò wúlò tó ẹni tẹ́ ẹ jọ ní àwọn ojúlùmọ̀ bíi mélòó kan.

Ibi tó kan Òṣogbo nìyí: níbi iṣẹ́ tó jẹ́ pé kọ̀ǹpútà ló gbé e ró, ojúlùmọ̀ ló dáa jù. Níbi iṣẹ́ tí kọ̀ǹpútà ò fi bẹ́ẹ̀ wọ̀, àwọn tó sún mọ́ni ló ń múṣẹ́ wá jù. Nítorí náà, tó bá jẹ́ iléèwé aládàáni tàbí ṣọ́ọ̀bù ńlá kan l'Óṣogbo lo fẹ́ kó gbà ẹ́, kúrò lórí LinkedIn, lọ sọ fún ìyálọ́jà tí ìyá ẹ ń rajà lọ́wọ́ ẹ̀, sọ fún pásítọ̀ tàbí ìmáàmù yín, sọ fún lándíloọ̀dù. Tó bá jẹ́ ilé iṣẹ́ tó ń fi software ṣe ìṣirò lò ń wá, n'Ìbàdàn, l'Ékòó, tàbí èyí tí wàá jókòó sílé ṣe, ìgbà yẹn ni ayélujára wúlò. Ẹni tó ń fi nǹkan kan náà wá méjèèjì ló máa rẹ̀.

* * *

"Mo ti fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí àìmọye HR, àwọn tó ń gbani síṣẹ́ níléeṣẹ́, lórí LinkedIn, wọn ò dá mi lóhùn. Onígbèéraga ni wọ́n."

Àwọn kan nínú wa jẹ́ onígbèéraga lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wo ohun tẹ́ ẹ kọ. Ẹ̀dà kan tó máa ń wọlé sí tèmi rèé: "Ẹ káàárọ̀ sà. Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé iṣẹ́ wà níléeṣẹ́ yín? Kò síṣẹ́ tí mi ò lè ṣe." Kí ni kí n fi dáhùn? Mi ò mọ ohun tẹ́ ẹ mọ̀ ọ́n ṣe, mi ò mọ ibi tẹ́ ẹ wà, mi ò ní kọ́kọ́rọ́ ilé iṣẹ́ lọ́wọ́. Rárá ni ìdáhùn tó rọrùn jù, ojú sì ń tini láti sọ ọ́, la ṣe ń dákẹ́.

Ẹ wo èyí: "Ẹ káàárọ̀ sà. Mo ka ohun tẹ́ ẹ kọ lọ́sẹ̀ tó kọjá nípa bẹ́ ẹ ṣe ń ka ọjà inú sítọ́ọ̀ lóṣooṣù. HND ìṣirò owó ni mo ní, mo sì ń fi Excel ṣe àkọsílẹ̀ ọjà fún ṣọ́ọ̀bù kan ládùúgbò wa. Ẹni tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ níbi iṣẹ́ bíi tiyín, software wo lẹ máa ń fẹ́ kó ti mọ̀ kó tó dé?" Ìṣẹ́jú kan ni mo máa fi dáhùn èyí. Tí mo bá sì ti dáhùn, mo ti mọ ẹni tẹ́ ẹ jẹ́.

Ẹnì kan ní àlùmọ̀kọ́rọ́í ni, pé ẹni tó ń wáṣẹ́ kó sọ pé iṣẹ́ lòun ń wá. Mi ò gbà. Gbogbo ẹni tó bá ka àtẹ̀jíṣẹ́ yẹn mọ̀ pé iṣẹ́ lẹ ń wá. Ohun tẹ́ ẹ ṣe ni pé ẹ ò tì í síbi tó ti máa ní láti lé yín. Ẹ̀ẹ̀kejì tàbí ẹ̀ẹ̀kẹta tẹ́ ẹ bá jọ sọ̀rọ̀, ẹ sọ ọ́ síta gbangba: "Mò ń wáṣẹ́ akáǹtáǹtì, tẹ́ ẹ bá gbọ́ nǹkan, ẹ rántí mi." Kò sí àlùmọ̀kọ́rọ́í ńbẹ̀.

Ohun kan tún wà tó jẹ́ ti àwa ọmọ Yorùbá. Ẹ má fi "Ẹ káàárọ̀ sà" nìkan ránṣẹ́ kẹ́ ẹ wá jókòó máa retí èsì. Lójúkojú, bó ṣe yẹ kéèyàn ṣe nìyẹn: a kíni, wọ́n jẹ́ wa, a wá bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Lórí fóònù, ẹni tó wà nípàdé, tí àtẹ̀jíṣẹ́ ń wọlé fún bí òjò, á wo "Ẹ káàárọ̀ sà" yẹn, á ní òun á padà síbẹ̀, kò sì ní padà. Ẹ kí i, kẹ́ ẹ sì jíṣẹ́ yín lẹ́ẹ̀kan náà.

* * *

Lórí òrùka aláwọ̀ ewé tí LinkedIn ń fi sára fọ́tò ẹni tó ń wáṣẹ́. Àwọn kan ní ó ń jẹ́ kéèyàn dà bí alágbe, àwọn kan ní òun ló gbé àwọn débi tí wọ́n wà. Ìjà orí òrùka yìí ti lé ní ọdún márùn-ún, torí ọdún 2020 ló dé.

Ẹni tí kò níṣẹ́ lọ́wọ́, kó fi sí i, kí ló ń fi pa mọ́? Ẹni tó níṣẹ́ lọ́wọ́ tó fẹ́ kúrò, kó yan èyí tó jẹ́ pé àwọn tó ń gbani síṣẹ́ nìkan ló máa rí i. Kó má sì fi gbogbo ara gbẹ́kẹ̀ lé e, torí LinkedIn fúnra wọn sọ pé àwọn ń gbìyànjú láti má ṣe jẹ́ kí àwọn tó ń gbani síṣẹ́ níbi iṣẹ́ tó wà rí i, ṣùgbọ́n àwọn ò lè fọwọ́ ẹ̀ sọ̀yà. Òrùka ò gbani síṣẹ́, kò sì léni kúrò. Ìsàlẹ̀ orúkọ ẹ là ń wò. Tó bá jẹ́ "ọ̀dọ́ tó ní ìtara" lo kọ síbẹ̀, a ò rí nǹkan kan. Kọ iṣẹ́ tó o lè ṣe àti ìlú tó o wà.

* * *

Oníbèéèrè tún bi mí bóyá kó pa àwọn ìkànnì ìpolówó iṣẹ́ tì.

Má pa á tì o. Jobberman tí gbogbo wa mọ̀, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Ifásitì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ n'Ilé-Ifẹ̀ mẹ́ta ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ lọ́dún 2009, lásìkò tí ASUU ń yanṣẹ́ lódì. (Ìyanṣẹ́lódì yẹn kúkú ṣe ẹnì kan láǹfààní.) Ibẹ̀ làwọn ilé iṣẹ́ púpọ̀ ń gbé ìpolówó sí títí dòní, Nairaland náà sì wà láti 2005. Àṣìlò ló ń bà á jẹ́. Tó o bá rí ìpolówó tó bá ẹ mu, fi CV ránṣẹ́ bí wọ́n ṣe ní kó o ṣe, lẹ́yìn náà wá ilé iṣẹ́ yẹn lórí LinkedIn, kó o wo ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ńbẹ̀ tó jáde ní pólì yín, tàbí tó ṣe agùnbánirọ̀ níbi tó o ti ṣe é. Kọ̀wé sí i. Ìpolówó iṣẹ́ á sọ fún ẹ pé ilẹ̀kùn wà, ẹni tó wà nínú ilé ló máa sọ fún ẹ bóyá wọ́n ti gbé ẹnì kan wọlé kí wọ́n tó kàn án mọ́ ògiri.

* * *

"Ọ̀rọ̀ àwọn oníwèé nìkan lẹ ń sọ. Èmi ń to táìlì n'Ìbàdàn, mi ò ní LinkedIn, WhatsApp ni mo fi ń jẹun."

Ẹ ṣeun, ọ̀gá. Ẹ̀yin oníṣẹ́ ọwọ́ gan-an lẹ mọ ayélujára í lò jù. Onítáìlì kò ní kọ "mò ń wáṣẹ́" sórí status. Ilẹ̀ pálọ̀ kí wọ́n tó tò ó ló máa gbé síbẹ̀, á tún gbé ti ìgbà tí wọ́n parí ẹ̀ tẹ̀ lé e, á kọ orúkọ àdúgbò sábẹ́ ẹ̀. Àwọn onídìrí àti télọ̀ ń ṣe bẹ́ẹ̀, wọ́n sì ń ríṣẹ́ lọ́wọ́ ẹni tí oníbàárà wọn fi status náà hàn. Kí ló dé tí akáǹtáǹtì ò lè ṣe bẹ́ẹ̀? Ṣe àkọsílẹ̀ owó ṣọ́ọ̀bù kan tó o fi orúkọ àdábọwọ́ sí, fi hàn bí wọ́n ṣe lè rí oníbàárà tó jẹ gbèsè ní kíákíá, gbé e síta. Àwòrán kan bẹ́ẹ̀ ju ọgbọ̀n "ẹ bá mi wáṣẹ́" lọ.

Má ṣe gbé ìwé owó oníbàárà gidi síta o. Òfin tó ń dáàbò bo ìsọfúnni àwọn èèyàn, ti ọdún 2023, wà, kódà bí kò sí, ta ló máa gba ẹni tó ń tú àṣírí síṣẹ́ owó?

* * *

Ó dọ̀dọ̀ àwọn gbájú-ẹ̀.

Ẹni tó ń wáṣẹ́ lórí ayélujára kò ní ṣàì bá wọn pàdé. Àtẹ̀jíṣẹ́ tó ń sọ pé wọ́n ti yàn ẹ́ fún íntáfíù níléeṣẹ́ tó ò kọ̀wé sí rí, kó o wá sí gbọ̀ngàn kan ní Òjódú Berger ní aago mẹ́jọ: tó o bá débẹ̀, wàá bá èrò rẹpẹtẹ, wàá bá ọkùnrin tó de táì, wàá sì gbọ́ pé egbòogi ni wọ́n fẹ́ kó o rà kó o tó mú èèyàn méjì wá. Ìyẹn tiẹ̀ sàn, owó mọ́tò lo sọ nù. Èyí tó burú ni ti orí Telegram: wọ́n á ní kó o máa tẹ "like" sórí fídíò, wọ́n á sanwó kékeré fún ẹ lákọ̀ọ́kọ́, o máa rí i lóòótọ́, lẹ́yìn náà wọ́n á ní kó o fowó sílẹ̀ kó o lè bọ́ sí ipele tó kàn. Owó yẹn ò ní padà.

Mo ní kí ẹnikẹ́ni má sanwó fọ́ọ̀mù, owó ẹ̀kọ́ṣẹ́, tàbí owó àyẹ̀wò ara fún ẹni tó lóun fẹ́ gbà á síṣẹ́. Ẹnì kan ní, "Ìjọba ńkọ́? Ṣé ìjọba náà kò gbowó rí?" Ó gbowó. Ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹta ọdún 2014, nígbà tí iléeṣẹ́ tó ń rí sí ìwọlé-wọ̀de (Immigration) ṣèdánwò ìgbanisíṣẹ́ ní pápá ìṣeré káàkiri orílẹ̀-èdè, 1,000 náírà ni ẹnì kọ̀ọ̀kan san lórí ayélujára kó tó lè forúkọ sílẹ̀. Èrò pọ̀ ju àyè lọ, èèyàn kú l'Ábújá àti láwọn ìlú míì. Ẹ̀yin lẹ gbé e wá, ṣùgbọ́n èmi ni àpẹẹrẹ yín ń jẹ́rìí sí: owó tí wọ́n gbà yẹn ò sọ ẹnikẹ́ni di òṣìṣẹ́.

Kó o tó lọ sí íntáfíù èyíkéyìí, wo orúkọ ilé iṣẹ́ náà lórí ìkànnì CAC, àjọ tó ń forúkọ ilé iṣẹ́ sílẹ̀, ọ̀fẹ́ ni. Ìforúkọsílẹ̀ nìkan ò ní kí wọ́n máà jẹ́ olè, ṣùgbọ́n ẹni tí kò tiẹ̀ sí ńbẹ̀, kí lo fẹ́ bá a ṣe? Tó bá pe ara ẹ̀ ní ẹni tó ń báni wáṣẹ́, ilé iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ ló ń fún irú wọn níwèé àṣẹ, ní kó fi tiẹ̀ hàn ẹ́. BVN ẹ àti nọ́ńbà tí báǹkì bá fi ránṣẹ́ sórí fóònù ẹ, kò sí agbanisíṣẹ́ tó nílò ẹ̀ kó tó gbà ẹ́.

Ẹni tó ń ta "iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó ní Lọ́ńdọ́nù" lórí Facebook, ẹ fi ọjọ́ yìí dá a lóhùn: 22 oṣù Keje ọdún 2025. Ọjọ́ yẹn ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ti ọ̀nà gbígba òṣìṣẹ́ ìtọ́jú tuntun láti òkè òkun. Ti àwọn iṣẹ́ yòókù, ìwé orúkọ gbogbo ilé iṣẹ́ tó ní àṣẹ láti mú òṣìṣẹ́ wọ̀lú wà lórí ìkànnì ìjọba wọn, ẹ wò ó fúnra yín.

* * *

"Ẹ̀gbọ́n, ọkùnrin kan tó pe ara ẹ̀ ní HR lórí Facebook ní kí n wá ṣe íntáfíù ní hòtẹ́ẹ̀lì kan l'Ákùúrẹ́. Fọ́tò mi ló kọ́kọ́ yìn."

Má lọ, àbúrò. Òótọ́ ni pé ilé iṣẹ́ míì máa ń gba gbọ̀ngàn hòtẹ́ẹ̀lì ṣe íntáfíù, ṣùgbọ́n gbọ̀ngàn yàtọ̀ sí yàrá, èrò sì máa ń wà ńbẹ̀ lójú mọmọ. Wá nọ́ńbà ilé iṣẹ́ náà lórí ìkànnì wọn, kì í ṣe èyí tí òun fún ẹ, kó o pè wọ́n bóyá wọ́n mọ̀ ọ́n. Ẹni tó yin fọ́tò kó tó béèrè CV, ohun tó ń wá ti hàn.

* * *

Ẹnì kan ní òun ò nílò gbogbo èyí, pé lórí X, tí òun ṣì ń pè ní Twitter, lòun ti ń rí gbogbo iṣẹ́ òun. Inú mi dùn sí i. Ṣùgbọ́n ẹ rántí ọjọ́ 5 oṣù Kẹfà ọdún 2021 tí ìjọba tì í pa. Ọjọ́ 13 oṣù Kìíní ọdún 2022 la tó rí i lò padà láìgba ọ̀nà ẹ̀yìn. Mo mọ àwọn tó ń yàwòrán, tó ń kọ̀wé, tí gbogbo oníbàárà wọn wà ńbẹ̀, tí wọn ò sì ní nọ́ńbà ẹyọ kan nínú wọn. Tẹ́ ẹ bá ti bá ẹnì kan sọ̀rọ̀ tó yọrí sí nǹkan, ẹ gba ímeèlì tàbí nọ́ńbà ẹ̀ lọ́jọ́ náà.

* * *

Oníbèéèrè padà wá: "Ẹ̀gbọ́n, ṣé kí n sanwó fún LinkedIn Premium? Àti pé, ibi iṣẹ́ yín ńkọ́, ṣé ẹ ń gba akáǹtáǹtì?"

Má sanwó. Wọ́n máa ń fúnni lóṣù kan lọ́fẹ̀ẹ́, ṣùgbọ́n káàdì báǹkì ni wọ́n máa kọ́kọ́ gbà, tó o bá sì gbàgbé láti fagi lé e, wọ́n á yọ owó. Fi owó yẹn kọ́ software. Tó o bá ti ń múra ìdánwò ICAN, ti ẹgbẹ́ àwọn akáǹtáǹtì, àwọn tẹ́ ẹ jọ ń kàwé ńbẹ̀ níṣẹ́ lọ́wọ́ ju ìwọ lọ, wọ́n sì wà láwọn ilé iṣẹ́ tó ò lè rí láti Òṣogbo. Bẹ̀rẹ̀ látọ̀dọ̀ wọn.

Ti ibi iṣẹ́ wa, a ò gbani lásìkò yìí. Ṣùgbọ́n yàtọ̀ sí Excel, kí lo tún mọ̀? Software ìṣirò owó ńkọ́, QuickBooks ni, àbí Sage?